Wákàtí Iṣẹ́ àti Àríyànjiyàn Lórí Róstà ní Ilé Ìtajà Ńlá

Ohun tí róstà jẹ́

Róstà ni ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ilé ìtajà ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, tàbí kí máníjà ya fọ́tò rẹ̀ kí ó sì fi í sórí WhatsApp. Ìwé pélébé kan ni, síbẹ̀ òun ló ń sọ ẹni tí yóò mú ọmọ dé ilé ìwé lówùúrọ̀, ẹni tí yóò dáná alẹ́, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ lè lọ wo òbí rẹ̀ nílùú, àti iye tí yóò wọlé lópin oṣù.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú àríyànjiyàn lórí róstà, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni iye wákàtí: ó lè pọ̀ jù, ó sì lè kéré jù. Èkejì ni àsìkò tí wákàtí náà bọ́ sí: àárọ̀ tàbí alẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ ọdún tàbí ọ̀sẹ̀ lásán. Ẹni tó ń ṣe wákàtí mẹ́jọ géérégé lè ní ẹjọ́ tó le ju ti ẹni tó ń ṣe mẹ́wàá lọ, bí mẹ́jọ tirẹ̀ bá ń parí láago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ti wọ́n lójú títì. Òfin Nàìjíríà ka àwọn méjèèjì kún àríyànjiyàn iṣẹ́, nítorí ó fi gbígbani síṣẹ́, àìgbani síṣẹ́, àdéhùn iṣẹ́ àti ipò tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ sábẹ́ orúkọ kan náà.

Láti ọjà ọrún dé sùpámákẹ́ẹ̀tì

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọjà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ kí aago tó dé. Ọjà ọrún máa ń ná lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, ọjọ́ tí ìlú kan bá sì ń ná tirẹ̀, ìlú tó múlé gbè é kì í sábà ná. Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ tàbí iyọ̀ ló ń mọ ìgbà tí yóò patẹ àti ìgbà tí yóò palẹ̀ mọ́. Bí ara ọmọ rẹ̀ kò bá yá, ó lè ní kí ẹni tí àtẹ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá òun wo ọjà. Èrè rẹ̀ lè dín kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ ìwé ẹ̀sùn sí i. Lóko náà, àwọn àgbẹ̀ ń ṣe àáró: lónìí wọ́n wà lóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n wà lóko ẹlòmíràn, olúkúlùkù sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Àáró jẹ́ róstà tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ṣe. Ohun tí iṣẹ́ ilé ìtajà ńlá fi yàtọ̀ sí i ni pé ẹni tó ń kọ róstà kì í ṣe ẹni tí yóò tẹ̀ lé e. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn tí orí yìí sọ̀rọ̀ lé lórí ti ń jáde.

Àwọn ilé iṣẹ́ oníṣòwò ti òyìnbó ló mú irú iṣẹ́ yìí wọ Nàìjíríà. Ní 1929 ni Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀ di UAC, UAC sì ni ó ṣí ilé ìtajà ńlá Kingsway sí Marina ní Èkó ní 1948. Leventis àti UTC náà ní tiwọn. Àwọn tó ń ta ọjà níbẹ̀, àwọn tó ń gba owó, àti àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù kò pẹ́ kí wọ́n tó kó ara wọn jọ. UNAMAG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ UAC tí Nduka Eze jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, yanṣẹ́ lódì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1950, wọ́n sì rí àfikún ìdá méjìlá àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gbà nítorí ọ̀wọ́ngógó ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà wọ́n tún yanṣẹ́ lódì, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oníṣòwò mìíràn, àmọ́ èyí dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì dá ọgbẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lára fún ìgbà pípẹ́.

Ní 1978 ìjọba ológun tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò. Ẹgbẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan di 42, oríṣiríṣi iṣẹ́ sì ni wọ́n fi pín wọn. NUSDE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti ti pípín ọjà káàkiri, wà nínú wọn, lábẹ́ àjọ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ NLC. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ kan náà ní SHOPDIS, tó wà lábẹ́ àjọ àpapọ̀ mìíràn, TUC. Nígbà tí Shoprite láti Gúúsù Áfíríkà ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Lẹ́kì ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ẹgbẹ́ tó yẹ kó gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra ti wà nílẹ̀. Shoprite tàn dé àwọn ìlú mìíràn, Ìlọrin pẹ̀lú, kí ó tó di pé ní 2021 ẹ̀ka Nàìjíríà bọ́ sọ́wọ́ Ketron Investment.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ganmo ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. Ó súnmọ́ Ìlọrin tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbé ibẹ̀ kí ó sì máa ṣiṣẹ́ nígboro. Nítorí náà, irú òṣìṣẹ́ ilé ìtajà méjì ló wà ní Ganmo. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá ní Ìlọrin, níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè wà. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni kan tàbí ti ẹbí kan nínú ìlú, níbi tí òṣìṣẹ́ kì í ti í ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì ní ọ̀pọ̀ ibi, àmọ́ kì í ṣe ní ibi gbogbo.

Ohun tí òfin sọ, àti ohun tí kò sọ

Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 1974, kò dárúkọ iye wákàtí kankan. Abala 13 sọ pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá dúnàádúrà rẹ̀, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá fi lélẹ̀ níbi tí kò bá sí ọ̀nà ìdúnàádúrà. Wákàtí tó bá lé sí iye náà ni òfátáìmù. Bí a kò bá wá kọ iye náà sílẹ̀, kò sí ibi tí òfátáìmù yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn ló ń bí wákàtí iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin kàn ń tọ́jú ohun tí àdéhùn bá bí ni. Ẹni tó bá yé èyí ti mọ ìdí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ṣe pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ róstà ju bó ṣe ṣe pàtàkì lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Àwọn nǹkan kan wà ṣá tí òfin kò fi sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó lè jẹun kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi, wákàtí mẹ́rìnlélógún tó so mọ́ra wọn láìjá. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ọ́ọ̀fù. Bí iṣẹ́ bá jẹ nínú ọ́ọ̀fù yìí, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá àkókò náà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó san án ní iye òfátáìmù. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín iṣẹ́. Abala 7 sì pàṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí a gba ènìyàn síṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó ní wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ nínú, pẹ̀lú owó rẹ̀ àti ìsinmi rẹ̀.

Abala 17 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ó sọ pé ní gbogbo ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá wá síbi iṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì le, yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ fún un. Bí kò bá pèsè iṣẹ́, yóò san owó ọjọ́ náà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ṣe é. Bí ohun pàjáwìrì tí agbára agbanisíṣẹ́ kò ká bá ṣẹlẹ̀, tí kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò san. Èyí já sí pé máníjà tó bá sọ fún káṣíà láago mẹ́jọ àárọ̀ pé, “Ọjà kò yá lónìí, máa lọ ilé,” ti jẹ gbèsè owó ọjọ́ kan. Ọjà tí kò yá kì í ṣe pàjáwìrì. Ara òwò ni. Ṣùgbọ́n ẹnu abala náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tó gbọ́dọ̀ mú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ra: ó ní bí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ bá sọ nǹkan mìíràn, ohun tí ìwé náà sọ ni yóò ṣẹ. Aṣojú tó bá fọwọ́ sí ìwé láìkà á lè fi ẹ̀tọ́ yìí tọrẹ láìmọ̀.

Ta ni òfin yìí wà fún? Abala 91 sọ pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ni òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń bá wí. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso kò sí nínú wọn. Ní ilé ìtajà, káṣíà, ẹni tó ń to ọjà sórí pẹpẹ, ẹni tó ń gé ẹran àti ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù wà lábẹ́ rẹ̀ láìsí iyè méjì. Ibi tó ti ń dàrú ni ọ̀rọ̀ súpáfáísọ̀. Àwọn kan máa ń gba oyè yìí láìgba àlékún owó tó tó nǹkan, máníjà a sì sọ fún wọn pé ọ̀gá kì í gba òfátáìmù. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló yẹ kí ilé ẹjọ́ wò, kì í ṣe oyè tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀.

Wákàtí àti owó oṣù

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024. Iye kan náà ni lójú òfin, àmọ́ kì í ṣe iye kan náà lápò. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, nǹkan bí wákàtí 173 ni yóò ṣe lóṣù, wákàtí kan yóò sì máa fún un ní nǹkan bí 404 náírà. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 48 lọ́sẹ̀, wákàtí 208 ni lóṣù, wákàtí kan sì di nǹkan bí 337 náírà. Bí róstà bá gbé e dé 54 láìsí òfátáìmù, wákàtí 234 ni, owó wákàtí kan sì ti já wá sí 299. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀, síbẹ̀ ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ. Ìdí nìyí tí aṣojú òṣìṣẹ́ tó gbọ́n kì í fi í dúnàádúrà owó láìdúnàádúrà wákàtí nínú ìpàdé kan náà.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 2019, yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ọjọ́ pé sílẹ̀. Èkíní ló mú kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù inú ìlú bíi Ganmo wà lóde òfin náà. Èkejì léwu fún àwọn tó wà ní ilé ìtajà ńlá pàápàá: bí wọ́n bá gé wákàtí òṣìṣẹ́ kúrú títí tí a fi lè pè é ní aláàbọ̀ iṣẹ́, ààbò owó oṣù lè bọ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Owó mọ́tò láti Ganmo dé Ìlọrin àti àbọ̀ kò mọ̀ bóyá wákàtí mẹ́rin ni ènìyàn lọ ṣe tàbí mẹ́jọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó mọ́tò sì lọ sókè, ṣíìfù kúkúrú, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ kò pọ̀, ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù ju ṣíìfù gígùn lọ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọjọ́ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí mẹ́rin yóò san owó ọkọ̀ ìlọ́po méjì ju ẹni tó ṣe wákàtí kan náà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń béèrè pé kí ìwé àdéhùn sọ iye wákàtí tó kéré jù tí wọ́n lè torí rẹ̀ pe ènìyàn wá síbi iṣẹ́.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀ jù kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú. Àpẹẹrẹ kan ni ti káṣíà tí róstà sọ pé yóò parí láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án, oníbàárà ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Káṣíà yóò ka owó, yóò fi wé ohun tí ẹ̀rọ kọ, yóò dúró de súpáfáísọ̀ kí ó wá fọwọ́ sí i, yóò tún dúró kí ẹ̀ṣọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí ó tó bọ́ sí títì. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí méjìdínlógún ni, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ méjì àti wákàtí méjì tí kò sí nínú ìwé kankan. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kò le: ṣé káṣíà lómìnira láti lọ nígbà tó ń dúró? Bí kò bá lómìnira, iṣẹ́ ló wà, ìwé àdéhùn sì gbọ́dọ̀ ka kíka owó àti àyẹ̀wò àpò mọ́ wákàtí iṣẹ́.

Ìjà kejì ni ti ṣíìfù alẹ́ tó gun ṣíìfù àárọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó pa ilẹ̀kùn láago mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n sì ní kó wá ṣí i láago méje àárọ̀, ní wákàtí mẹ́sàn-án láàárín. Bí a bá yọ àkókò ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ àti ìwẹ̀, oorun tó kù kò tó nǹkan. Abala 13 sọ̀rọ̀ lórí ìsinmi inú iṣẹ́ àti ti ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa àárín ṣíìfù méjì. Ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ ló lè dí ihò yìí.

Ẹ̀sìn ló tẹ̀ lé e, ibí yìí sì ni ilẹ̀ Ìgbómìnà ti ní ohun tó lè kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan náà. Mùsùlùmí fẹ́ kírun Jímọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ohun tó rọrùn jù lọ ni kí wọ́n pààrọ̀ ṣíìfù láàárín ara wọn, bí àwọn alájọṣepọ̀ ṣe ń ṣe àáró. Ìjà ń dé nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fòfin de pípààrọ̀, tàbí tí máníjà bá gbà á lẹ́nu tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá ka ẹni tó lọ kírun sí ẹni tó sá níbi iṣẹ́. Abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n kò kọ róstà fún ẹnikẹ́ni. Ìwé kékeré tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, tí máníjà sì bu ọwọ́ lù, ló ń gba ènìyàn lọ́jọ́ ẹ̀sùn.

Gígé wákàtí ni èyí tó máa ń di ìjà ńlá. Ní oṣù Kejìlá àti nígbà ọdún Iléyá, ilé ìtajà a máa gba àwọn kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, wọ́n a sì fi kún wákàtí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ọdún bá parí, wákàtí a wálẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀? Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan, máníjà ni yóò yàn, ojúsàájú sì lè wọ̀ ọ́: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè ní ìpàdé ẹgbẹ́ lè rí i pé wákàtí tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé kúrú. Òfin kò gbà kí wọ́n lé ènìyàn tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó wà nínú ẹgbẹ́, àmọ́ róstà ni ìyà tó ṣòro jù láti fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀, nítorí kò sí ìwé ìléniṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí gígé náà bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù pátápátá, abala 20 Òfin Iṣẹ́ wọlé: ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣòótọ́ wọn bá dọ́gba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dúnàádúrà owó ìdágbére. Nítorí èyí, àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa fẹ́ gé wákàtí díẹ̀díẹ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Èyí burú, ó sì yẹ kí aṣojú ẹgbẹ́ máa ṣọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ àti agbára rẹ̀

Àdéhùn tí NUSDE bá ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni bóyá ilé ẹjọ́ yóò fi ipá mú ẹni tó bá dà á. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà gbà pé irú àdéhùn yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọlúàbí, pé kò de ẹnikẹ́ni àyàfi bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ Union Bank àti Edet ní 1993 wà lára èyí tí àwọn amòfin máa ń tọ́ka sí. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2011, yí nǹkan padà díẹ̀: ó fún Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní agbára lórí ìtumọ̀ àti lílo àdéhùn ẹgbẹ́, àti lórí ìwà tí kò tọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, gbólóhùn kan nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, tó sọ pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tó wà nínú àdéhùn ẹgbẹ́, ṣì ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ẹjọ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà parí ìjà

Òfin Àríyànjiyàn Iṣẹ́ ti 1976 la ọ̀nà sílẹ̀, ó sì fi ọjọ́ sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú ilé ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbìyànjú: aṣojú ẹgbẹ́ yóò bá máníjà sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà olórí ẹ̀ka yóò bá àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí èyí kò bá yọrí, láàárín ọjọ́ méje wọn yóò pàdé lọ́dọ̀ onílàjà tí àwọn méjèèjì gbà sí. Ọjọ́ méje ni onílàjà ní. Bí kò bá rí i parí, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fi tó Mínísítà létí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Mínísítà yóò sì yan alárinà tí òun náà ní ọjọ́ méje. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ àríyànjiyàn iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá tako ìdájọ́ wọn, Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìlọrin.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà lójú ọ̀nà yìí, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àtúnṣe 2005 sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi kún un pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò kí wọ́n tó yanṣẹ́ lódì, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà. Ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kì í gba owó àkókò náà. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, yóò san owó wọn.

Ẹ̀rí ló ń pinnu irú ẹjọ́ yìí ju ẹnu lọ. Róstà tí wọ́n fi sórí WhatsApp lè pòórá lọ́la, nítorí náà òṣìṣẹ́ yẹ kí ó máa tọ́jú fọ́tò rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí a fi ń kọ aago tí a dé àti aago tí a lọ, lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́, wúlò fún un. Èyí tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àkọsílẹ̀ wọn sì bá ara wọn mu, ṣòro fún agbẹjọ́rò láti bì ṣubú.

Bí ó ṣe rí níbòmíràn

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti ṣe àdéhùn lórí wákàtí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì láti 1930: wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, 48 lọ́sẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin 1997 fi ààlà sí wákàtí 45 lọ́sẹ̀, èyí tó já sí pé káṣíà ní Johannesburg mọ ibi tí òfátáìmù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láìwo àdéhùn kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, òfin 1994 tó gba àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá láàyè láti ṣí lọ́jọ́ Àìkú fún wákàtí mẹ́fà tún fún òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé pé òun kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. USDAW ni ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àsìkò ni wọ́n gbájú mọ́ ju iye lọ. Ìlú Seattle bẹ̀rẹ̀ òfin kan ní oṣù Keje ọdún 2017 tó sọ pé ilé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 500 gbọ́dọ̀ gbé róstà jáde ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Oregon tẹ̀ lé e ní 2018: ọjọ́ méje ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ó sì di mẹ́rìnlá ní 2020. Òfin méjèèjì fẹ́ wákàtí mẹ́wàá láàárín ṣíìfù méjì, àyàfi bí òṣìṣẹ́ bá gbà, tí wọn yóò sì san àlékún fún un. Ihò tí abala 13 ti Nàìjíríà fi sílẹ̀ gan-an ni wọ́n dí. Kò sí ohun tó ní kí NUSDE má lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn rẹ̀ láìdúró de ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré

Ọmọbìnrin tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì Ganmo, láti aago méje àárọ̀ di mẹ́sàn-án alẹ́, sábà máa ń pe ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní Màmá tàbí Àǹtí. Nígbà mìíràn ilé rẹ̀ ló ń sùn, nǹkan a sì rú u lójú: ọmọ ilé ni tàbí òṣìṣẹ́? Ó ṣòro fún un láti sọ pé wákàtí mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù, torí pé àìmoore ni yóò jọ lójú àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gba owó lórí àdéhùn, ì báà jẹ́ àdéhùn ẹnu, òṣìṣẹ́ ni lójú òfin. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ lè fò ó nítorí iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, àmọ́ Òfin Iṣẹ́ kò béèrè iye ènìyàn. Ìsinmi wákàtí kan, ọ́ọ̀fù ọjọ́ kan nínú méje àti ìwé tó ní wákàtí iṣẹ́ nínú kí oṣù mẹ́ta tó pé, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì gbà á láàyè láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò dìgbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá àádọ́ta ènìyàn tí òfin ń béèrè kí a tó forúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, nítorí NUSDE ti wà fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.